Kí Àǹtí Mi Tó Gun Ẹṣin Lọ

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

"Ẹṣin kẹ̀? Ẹṣin tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, tó ń jẹ koríko? Ọdún méje ni mi ò fojú kan àbúrò mi. Ìsinmi tó ní òun fẹ́ fi wá wò mí, ẹṣin ló fẹ́ gbé e fún. Ó dáa. Kí ẹṣin máa ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ. Kọ ọ́. Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn, má fi iyọ̀ sí i, má sì yọ nǹkan kan níbẹ̀."

Àǹtí mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé ariwo ni mo kọ́kọ́ fi kí yín. Ohun tí Màmá pa ariwo ẹ̀ láìpẹ́ yìí nìyẹn, nígbà tí mo ka lẹ́tà yín dé ibi tí ẹ ti ní ẹ fẹ́ gun ẹṣin gba orí òkè fún ọjọ́ méjìlá, ẹ̀yin nìkan. Wọ́n dúró tì mí, wọ́n ń wo bírò mi bí ẹni pé wọ́n lè ka ohun tó ń kọ. Ó ti yá, wọ́n ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Mo lè mí báyìí.

Ṣé ara yín le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí ẹ ti ń lọ aṣọ lókè òkun yẹn ṣì ń gbóná? Àwa náà wà. Yunifọ́ọ̀mù ni Màmá ń rán. Ogójì ló wà lórí àga báyìí, ti ilé ìwé tí mo fi sílẹ̀ ni gbogbo wọn, èmi ni mo sì ń gán bọ́tìnnì wọn tí mo bá ti dé láti ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní báàgì aláwọ. Ẹ má dá mi lóhùn lórí ìyẹn.

Màmá ní òun ò ní gbé fóònù tí ẹ bá pè. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí, kó jókòó kó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹni tó ń gbọ́ ọ náà ráyè bínú dáadáa. Ìdí tí a fi padà sí lẹ́tà nìyẹn.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí Màmá ò sọ. Fọ́tò tí ẹ ti jókòó lórí ẹṣin, tí ẹ fi ránṣẹ́, wọ́n ní kí n dà á nù. Mi ò dà á nù. Ó wà nínú ìwé tí mo máa ń kọ gbogbo nǹkan ara mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́kọ́ ń kọ lẹ́tà yín kí n tó dà á kọ sórí bébà tó mọ́. Mo ti wò ó tó ìgbà ogún. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan nínú ẹbí wa lè kàn dìde, kó ní òun ń lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò rán òun, tí ẹnikẹ́ni ò dúró de òun níbẹ̀, tí òun ò sì ní iṣẹ́ kankan tí òun fẹ́ lọ ṣe. Inú mi dùn. Inú sì tún bí mi. Ẹ ti ní tí ẹ bá wálé lọ́dún yìí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa mú mi lọ bá ọ̀gá àgbà ilé ìwé, kí wọ́n jẹ́ kí n padà wá tún ìdánwò mi ṣe. Ẹ mọ̀ pé Màmá ò ní dé ọ́fíìsì yẹn mọ́, láti ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà ti na fọ́ọ̀mù sí wọn pé kí wọ́n kà á sókè, tí àwọn tíṣà méjì sì jókòó síbẹ̀. Màmá gbé fọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì, wọ́n fà mí lọ́wọ́, a jáde. Látìgbà náà ni mo ti ń ka oṣù tí ẹ máa dé. Mi ò sọ fún Màmá pé mò ń kà á.

Ẹ ní ẹṣin méjì lẹ máa mú lọ. Báwo lèèyàn kan ṣe ń darí ẹṣin méjì? Tí ọ̀kan bá sá lọ ńkọ́?

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ ń pè ní Onírònú.


Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Onírònú mi, mo kí ẹ. Ka apá àkọ́kọ́ yìí sí ẹ̀gbọ́n mi létí, kí o sì dúró síbi tí ọwọ́ wọn ò ti ní bà ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà mi. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, lórí símẹ́ǹtì ilé ìfọṣọ. Obìnrin tí a jọ ń lọ aṣọ ti bi mí bóyá nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ fi ilé ìwé sílẹ̀ kí n lè parí tèmi, mi ò gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí: tí ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́. Kì í ṣe ọmọ yín, kì í ṣe ará àdúgbò. Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, màá wá jókòó tì yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò sì ní di kùnrùngbùn.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Lọ́dún tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí ilé ẹṣin kan létí ìlú lọ́jọ́ tí mi ò bá ṣiṣẹ́. Mò ń gbá ìgbẹ́ ẹṣin, wọ́n sì ń kọ́ mi ní ẹṣin gígùn. Lọ́jọ́ kan, ẹṣin gbé mi dé orí òkè kékeré kan, mo wo iwájú, mi ò rí ògiri. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ògiri. Mo jókòó lórí ẹṣin, mò ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ méjìlá péré ni mo fẹ́ fi wo ibi tí kò ní ògiri.

Ó tó, Onírònú. Ìyókù, tìẹ ni.

Orí òkè náà jìnnà. Wákàtí mẹ́sàn-án ni nínú ọkọ̀ ojú irin, lẹ́yìn náà mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù dé abúlé kan tí ọ̀nà ti parí. Ibẹ̀ ni bàbá tó ń yáni lẹ́ṣin ń gbé, Baba Ẹlẹ́ṣin ni mò ń pè wọ́n. Àwọn tó ń lọ sórí òkè máa ń gba afinimọ̀nà, èmi ò fẹ́. Baba Ẹlẹ́ṣin wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní yá mi lẹ́ṣin láìjẹ́ pé mo lè di ẹrù tán lójú àwọn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n lè de ẹsẹ̀ ẹṣin kó máa jẹko láìrìn jìnnà, kí n sì lè fi ọwọ́ mọ ibi tó ń dun ẹṣin lẹ́yìn. O bi mí nípa ẹṣin méjì. Mo máa gun ọ̀kan, mo máa fa èkejì lókùn. Èyí tí mo máa gùn, mo pè é ní Olóyè, torí kì í yára fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó máa ru ẹrù ni Òṣìṣẹ́. Okùn rẹ̀, èèyàn kì í wé e mọ́ ọwọ́. Mo bi Baba Ẹlẹ́ṣin pé kí ló dé, wọ́n na ọwọ́ òsì wọn sí mi: ìka mẹ́ta ló kù níbẹ̀. Mi ò bi wọ́n mọ́.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń tẹ́ máàpù sórí tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Mi ò wá ibi tí mo máa sùn lórí ẹ̀. Koríko àti omi ni mò ń wá fún àwọn ẹṣin, torí ibi tí wọ́n bá ti yó ni èmi náà máa sùn. Odò tó wà níbẹ̀, yìnyín orí òkè ló ń yọ́ sínú ẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni mo máa là á kọjá, nígbà tí omi ò tíì ju orúnkún ẹṣin lọ. Tí oòrùn bá ti mú, á kún dé àyà wọn.

Bá mi rán àpò aláwọ méjì tí Òṣìṣẹ́ máa gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ gàárì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Èyí tí wọ́n ń tà níbí, ẹṣin ńlá ni wọ́n ṣe é fún, ẹṣin orí òkè sì kúrú. Kí méjèèjì dọ́gba o. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi bàtà kan péré wúwo jù, gàárì á máa yọ̀, ẹ̀yìn ẹṣin á bó, ìrìnàjò parí nìyẹn. Téèpù ò sí lọ́wọ́ mi níbẹ̀, ọwọ́ ni mo fi wọ̀n ọ́n: gígùn ẹ̀, ìnà ọwọ́ mẹ́ta. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, méjì àti ààbọ̀. Inú ẹ̀, ọ̀kan. Ìnà ọwọ́ láti àtàǹpàkò dé ìka tó kéré jù.

Nípa ilé ìwé, mi ò gbàgbé. Kíláàsì yẹn ò ní sá lọ.

Àǹtí rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin

Àǹtí mi, ẹ kú ilé ìfọṣọ, ẹ kú ìgbẹ́ ẹṣin.

Mo ka apá ti Màmá fún wọn. Wọn ò dá ẹ̀rọ dúró. Ìgbà tí mo dé ibi tí ẹ ti kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Kó dìde. Òtútù símẹ́ǹtì ò dáa fún eegun ẹ̀." Mo kà á tán, mo mú bírò. Mo ní, "Kí ni kí n kọ?"

"Kọ pé mo ń kí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Màmá?"

"Ṣé mo jọ adájọ́ lójú ẹ ni? Bọ́tìnnì yẹn ń dúró dè ẹ́."

Nítorí náà, Màmá ń kí yín.

Àpò ti parí. Wọ́n á dé ṣáájú lẹ́tà yìí tàbí lẹ́yìn ẹ̀. A kì í lo téèpù ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ọ̀pá kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí Ọ̀gá gé àmì sí lára, àmì kan ìnà ọwọ́ kan. Wọ́n ní téèpù máa ń fà, pé ọ̀pá àwọn ò tíì fà láti ogún ọdún. Òun ni mo fi wọ̀n ọ́n. Awọ tó nípọn jù ni mo gé, abẹ́rẹ́ méjì ni mo fi rán an, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀, mo sì fi ìda pa òwú kó má baà mu omi. Ìka mi bó. Nígbà tí mo parí, Ọ̀gá tẹ etí kan mọ́lẹ̀, wọ́n fi gbogbo agbára fa èkejì. Wọ́n ní, "Hùn." Àǹtí mi, "hùn" Ọ̀gá, ìwé ẹ̀rí ni. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ gbé ẹrù náà wò, ó ní ṣé òkú ajá ló wà nínú ẹ̀ ni.

Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn nípa yín. Obìnrin kan tó wá tún báàgì ṣe ní irọ́ ni mò ń pa, pé obìnrin kan kì í dá gun ẹṣin lọ sórí òkè yìnyín. Mo fa fọ́tò yọ. Mi ò tíì ní nǹkan kan rí tí mo fi pa ẹnu èèyàn mọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ní kíláàsì ò ní sá lọ. Òótọ́ ni, kíláàsì ò ní sá, èmi ni mò ń dàgbà. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lóṣù tó kọjá, àwọn tó wà ní kíláàsì yẹn báyìí, mo ti fà wọ́n létí rí nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ẹ jẹ́ kí n pa á tì.

Onírònú.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún

Onírònú, ọwọ́ ta lo fi wọ̀n ọ́n?

Mo kí ẹ, mo kí ẹ̀gbọ́n mi, kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Mo gbé àpò rẹ wọ ọkọ̀ ojú irin wákàtí mẹ́sàn-án, mò ń fi í ṣe fáàrí fún gbogbo ẹni tó jókòó tì mí. A gbé wọn kọ́ Òṣìṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dé orúnkún. Òṣìṣẹ́ yí ọrùn padà, ó wò wọ́n, ó wò mí, ó sì kọ̀ láti gbé ẹsẹ̀. Baba Ẹlẹ́ṣin yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Àpò yìí dáa. Ẹṣin tó ni ín dà?"

Kò sí ohun tó ṣe ojú rírán rẹ. Bàbá yẹn fà á títí, kò ya, wọ́n ní ẹni tó rán an mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e lọ. Tí mo bá so ó sókè, ẹrù á ga jù. Tí mo bá jẹ́ kó wálẹ̀, á máa gbá a lẹ́sẹ̀, á sì sá bọ́ sínú odò. Ọ̀pá Ọ̀gá rẹ, ṣé ọwọ́ mi ló wà lára ẹ̀ ni? Ìwọ tí o ń ronú gbogbo nǹkan, o ò ro ìyẹn. Mo ya ọwọ́ mi sórí bébà kejì tó wà nínú lẹ́tà yìí. Ọwọ́ tí mo fi wọ̀n ọ́n nìyẹn.

Èkejì: mi ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi. "Mo ń kí i" lo kọ. Mo ti kà á síwá, mo kà á sẹ́yìn, mi ò rí bẹ́ẹ̀ ni nínú ẹ̀, mi ò rí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ni ìsinmi mi bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn ti ń béèrè Olóyè, Baba Ẹlẹ́ṣin sì fún mi di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù keje. Tí ìdáhùn ò bá dé kí ọjọ́ yẹn tó pé, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni màá kà á sí, màá sì máa bọ̀ nílé.

Má sunkún lórí awọ. Tún un rán.

Àǹtí rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà

Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Mi ò jẹun lọ́jọ́ tí lẹ́tà yín dé. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ebi pa ara mi, ó kàn ń ṣe mí bí ẹni pé èmi ni mo ti Òṣìṣẹ́ sínú odò. Nígbà tó yá, mo mú bébà kejì, mo gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ yín. Ó bára mu, Àǹtí. Àfi ìka kan tó wọ́ lára tiyín, tí tèmi ò wọ́. Gbogbo ìgbà tí mo ń wá ọwọ́ tí mo máa fi wọ̀n ọ́n, ó wà lápá mi.

Màmá gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ, wọ́n ń fi ìka tọ ìlà ẹ̀ títí wọ́n fi dé ìka tó wọ́ yẹn. Wọ́n dúró síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn àti ẹ̀yin jọ wà lórí ògiri ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀yin ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n fò?" Wọ́n ní, "Fò." Ẹ fò, ìka yẹn sì kán. "Kò wo ilẹ̀," Màmá ní, "ojú mi ló ń wò." Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti di ìka yẹn fún yín, ẹnu àwọn ò tún lè sọ fún yín pé kí ẹ fò láti ibì kankan. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí.

Lọ́jọ́ kejì, mo jí, mo bá Màmá lórí ilẹ̀ pẹ̀lú bébà tí wọ́n fi ń yọ pátánì aṣọ. Wọ́n ti fi ọwọ́ yín yọ pátánì àpò náà tán, etí ẹ̀, ìdérí ẹ̀, ibi tí bẹ́líìtì máa gbà kọjá, gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní àwọn aláwọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ pátánì. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ní, "Ta ló kó bébà wọ ibí?"

"Màmá mi ni."

"Àwọn télọ̀. Ọ̀pá mi ńkọ́?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, ọ̀pá yín ò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ yín ló tóbi." Wọ́n na ọwọ́ wọn, wọ́n wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Wọ́n ní kí n lọ gé ọ̀pá tèmi, kí n gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn ò ní ọ̀pá. Mi ò rẹ́rìn-ín níwájú wọn. Ìgbà tí mo dé ojú ọ̀nà ni mo tó rẹ́rìn-ín.

Àpò tuntun ti ń bọ̀. Mo gbé méjèèjì kọ́ ọ̀pá kan, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, mo fi òwú gbé ọ̀pá náà kọ́ láàárín, kò tẹ̀ sápá kan.

Mo bi Màmá ìdáhùn. Wọ́n ní, "Mo ti yọ pátánì, àbí mi ò yọ ọ́?"

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn?"

"Pátánì nìyẹn."

Ohun tí mo ní nìyẹn, Àǹtí. Mo ti bẹ̀ wọ́n.

Onírònú.


Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà

Onírònú mi, aláwọ mi, mo kí ẹ títí.

Àpò tuntun náà bá a mu bí awọ ara ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ò tiẹ̀ yíjú. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra á lẹ́yìn láti ọrùn dé ìdí bí wọ́n ṣe kọ́ mi, níbi kankan ara ẹ̀ ò gbọ̀n. Mo gbé gàárì lé e, mo gbé àpò rẹ kọ́ ọ, mo di okùn. Baba Ẹlẹ́ṣin ń wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Wọ́n tú okùn ìjánu Olóyè, wọ́n nà án sí mi. Mo rìn lọ fún ọjọ́ kan àbọ̀, mo padà, èmi nìkan. Mo la odò náà kọjá nígbà tí ọ̀run ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Omi náà tutù débi pé Olóyè gan-an yára. Apá tó kàn yìí, má kà á fún ẹ̀gbọ́n mi: mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan, sínú koríko, ìdí ni mo fi balẹ̀. Olóyè dúró dè mí, ó ń jẹko, ojú ò tì í.

Bàbá náà bi mí pé ta ni aláwọ yẹn. Mo ní ọmọ mi ni. Mi ò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀.

Mo ka "Pátánì nìyẹn", mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò lè gun orí pátánì lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń rìn, mi ò tíì ṣe ohun tó tóbi láìgbọ́ ohùn wọn, mi ò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò ti sí ẹni tó máa gbé mi dìde.

Ìwọ náà ní ẹnu. Mo mọ ohun tí o ń pàdánù. Tí mo bá lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó lè wálé, ilé ìwé á sì ti wọlé ní oṣù kẹsàn-án láìsí ẹ. Tí o bá ní kí n wá, sọ ọ́. Màá wá, mi ò ní fi ṣe ìbínú sí ẹ láé.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Má gbàgbé pé lẹ́tà ń lò tó ọjọ́ méjìlá lójú ọ̀nà.

Àǹtí rẹ.


Ọjọ́ kejìlá oṣù keje

Àǹtí mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́.

Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí ẹ máa lọ, kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ má sì wé okùn mọ́ ọwọ́.

Ní tèmi, ẹ má da ara yín láàmú. Ilé ìwé ò sí lọ́kàn mi mọ́. Iṣẹ́ awọ ti wọ̀ mí lára, mo sì ti ní ọ̀pá tèmi.

Ẹ kí Olóyè. Ẹ kí Òṣìṣẹ́ jù.

Onírònú yín.


Ọjọ́ kejìlá oṣù keje, ìwé mi

Èyí ò sí nínú àpò lẹ́tà.

Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo bi Màmá láàárọ̀. Àkọ́kọ́, wọ́n ní òwú ló já. Ìkejì, wọ́n bi mí bóyá mo ti fọ abọ́. Ìkẹta, mo fi ọwọ́ mú kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, mo dá a dúró, ohun tí mi ò ṣe rí láyé mi. Mo ní, "Màmá, tí lẹ́tà ò bá kúrò lónìí, kò ní dé ọ̀dọ̀ Àǹtí kí ọjọ́ tó pé. Wọn ò ní lọ mọ́."

Wọ́n wò mí. Ojú wọn ti pọ́n tipẹ́, èmi ni mi ò rí i. Wọ́n ní, "Mi ò lè sọ pé kó lọ. Mi ò sì lè sọ pé kó má lọ. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Wọ́n kó yunifọ́ọ̀mù mẹ́fà tó ti parí sínú ọ̀rá, wọ́n wọ bàtà. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ìwọ lo mú bírò lọ́wọ́," wọ́n jáde.

Mo jókòó. Mi ò fẹ́ purọ́ fún ara mi nínú ìwé yìí: kò sí nǹkan tó rọrùn tó kí n jókòó bẹ́ẹ̀ lásán. Tí mi ò bá kọ nǹkan kan, Àǹtí á wálé. Á gbé báàgì ẹ̀ wọlé níbí, Màmá á sunkún, inú wọn á dùn, èmi á sì wọ yunifọ́ọ̀mù tí mo gán bọ́tìnnì ẹ̀ fúnra mi. Mi ò ní purọ́ kankan. Jíjókòó ni. Mo jókòó títí oòrùn fi kúrò lórí tábìlì. Mo ṣáà ń rí Àǹtí ní yàrá tí kò ní fèrèsé yẹn, tó ń tẹ́ máàpù sórí tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, tó ń wá koríko. Ẹni tó ń ṣubú tó ń dìde, tí ojú ò tì í láti kọ ọ́ fún ọmọdé. Mi ò lè jẹ́ ògiri fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Mo kọ "bẹ́ẹ̀ ni" lórúkọ Màmá. Mo dà á kọ sórí bébà tó mọ́, mo sáré lọ fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó ti ilé ìfìwéránṣẹ́.

Nígbà tí Màmá dé, wọ́n ní, "O ti fi ránṣẹ́?" Mo ní mo ti fi ránṣẹ́. Wọn ò bi mí ohun tí mo kọ. Wọ́n jókòó sídìí ẹ̀rọ, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà á, ó ń dún, kò sì sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́. Mo ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Tí nǹkan kan bá ṣe Àǹtí lórí òkè yẹn, èmi ni. Mo mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá sì dé láyọ̀, tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá, màá jẹ́ kí Màmá gba ọpẹ́ náà.

Lọ́jọ́ Ajé, tí Ọ̀gá bá rán mi lọ ra ìda, màá gba ọ̀nà ilé ìwé. Màá kan ilẹ̀kùn ọ̀gá àgbà, èmi nìkan. Wọ́n á bèèrè àgbàlagbà tó mú mi wá, màá ní kò sí. Tí wọ́n bá na fọ́ọ̀mù sí mi, màá kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí tíṣà méjìlá tiẹ̀ jókòó síbẹ̀. Mi ò ní sọ fún Màmá, mi ò ní sọ fún Ọ̀gá, mi ò sì ní kọ ọ́ sí Àǹtí. Tí wọ́n bá lé mi jáde, màá ra ìda mi, màá padà sí ṣọ́ọ̀bù, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé mo lọ.